Bí Ísírẹ́lì Ayé Ọjọ́un Ṣe Ń Ya Ọmọ Onílé Sọ́tọ̀ Lára Àjèjì

Ilé bàbá ni wọ́n fi ń ka ènìyàn nínú Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù. Ará Íjíbítì ni Ásénátì ìyàwó Jósẹ́fù, àlùfáà ìlú Ónì ni bàbá rẹ̀, síbẹ̀ Éfúráímù àti Mánásè tó bí di ẹ̀yà ńlá méjì ní Ísírẹ́lì.

Bí ilé kan kò bá wá ní ọmọkùnrin ńkọ́? Kíróníkà Kìíní orí 2 sọ ti Ṣéṣánì, ọmọ ẹ̀yà Júdà, tó bí obìnrin nìkan. Ó ní ẹrú kan, Járíhà ará Íjíbítì, ó sì fi ọmọbìnrin ara rẹ̀ fún ẹrú náà ṣaya. Átáì tí wọ́n bí wọ inú ìwé ìran Júdà, wọ́n sì ka ìran náà lọ láti orí rẹ̀ dé orí Élíṣámà, orúkọ 13 gbáko, láìyọ ẹnì kankan.

Diutarónómì orí 7 ló ka fífẹ́ àjèjì léèwọ̀. Orílẹ̀-èdè 7 nílẹ̀ Kénáánì ló dárúkọ, ó sì sọ ìdí rẹ̀: wọn á fa àwọn ọmọ lọ sídìí òrìṣà. Ìsìn ni òfin yìí ń ṣọ́. Orí 23 ló le jù ú lọ: ará Ámónì àti ará Móábù kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa, kódà dé ìran kẹwàá. Bẹ́ẹ̀, ará Móábù pọ́ńbélé ni Rúùtù tó bí Óbédì, Óbédì bí Jésè, Jésè bí Dáfídì ọba. Ìran kẹta péré nìyẹn. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin àwọn Júù, ló wá là á nínú Míṣínà, ìwé tí wọ́n kó òfin àtẹnudẹ́nu wọn jọ sí: ọkùnrin Móábù ni òfin dè, obìnrin wọn lè wọlé lójú ẹsẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ wá àlàyé yẹn.

Lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì, ọba ò sí mọ́, ìwé ìran wá di ohun tí wọ́n gbá mú. Nínú Ẹ́sírà orí 2, ìdílé àlùfáà mẹ́ta wá orúkọ wọn nínú ìwé náà, wọn ò rí i. Bàbá ńlá ọ̀kan nínú wọn ló fẹ́ ọmọ Básíláì ará Gílíádì, tó sì ń jẹ́ orúkọ ilé àna rẹ̀. Wọ́n yọ gbogbo wọn nípò àlùfáà. Nígbà tó di orí 10, oṣù kẹsàn-án, àwọn ènìyàn jókòó ní ìta tẹ́ńpìlì nítorí ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ ìyàwó àjèjì, òjò ń pa wọ́n, wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n ní ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́ta ni ìwádìí gbà. Wọ́n to orúkọ àwọn ọkùnrin tó fẹ́ àjèjì, àlùfáà ni wọ́n fi ṣáájú. Nínú àwọn ìyàwó tọ́rọ̀ kàn, ìwé náà ò dárúkọ ẹyọ kan.

Nígbà tí wọ́n fi máa kó Míṣínà jọ, ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, òṣùwọ̀n ti yí padà: ọmọ tí obìnrin tí kì í ṣe Júù bá bí, ipò ìyá rẹ̀ ló ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti oyè àlùfáà àti ti Léfì, ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ṣì ń wò.