ISBN Kò Sọ Pé Ẹ̀yin Lẹ Ni Ìwé Náà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé l'Ékòó, Ṣómólú ló ń gbà lọ. Láàárín ariwo ẹ̀rọ àti òórùn íǹkì níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni oníbàárà máa ń bi onítẹ̀wé: "Kí la máa ṣe tí wọn ò fi ní jí iṣẹ́ mi?" Ìdáhùn ọ̀hún kì í sábà yí padà: "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. A máa bá yín gba ISBN ní Yaba. Bó bá ti jáde báyìí, ìjọba ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀." Mọ́mì á sanwó, ọkàn wọn á balẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, Yaba nìkan ló jẹ́ òótọ́. Mi ò sọ pé onítẹ̀wé náà ń mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o. Ohun tó bá lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lòun náà ń sọ.

Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè, tí gbogbo wa ń pè ní National Library, ló ń fúnni ní ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1964 ló dá a sílẹ̀, Èkó ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ẹni tó bá rí ìwé tí àjọ náà tẹ̀ láyé ọjọ́un, àdírẹ́sì Wesley Street, ní Lagos Island, ló máa bá níwájú rẹ̀. Abuja ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà báyìí, àmọ́ ẹ̀ka tó wà lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yaba làwa ará Èkó mọ̀. Àwọn kan tún gbà pé àjọ kan ṣoṣo yìí ló ni gbogbo ilé ìkàwé ìjọba, tó tún ni mùsíọ́ọ̀mù Onikan àti ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí n'Íbàdàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìkàwé tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́, ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó o. Mùsíọ́ọ̀mù ní àjọ tiẹ̀. National Archives náà ní ọ́fíìsì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká padà sórí nọ́ńbà wa. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí èèyàn lè rí ìwé kan pàtó mú láàárín ẹgbàágbèje ìwé. Ìwé àdúrà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ nígboro. Nọ́ńbà ni onítàwé fi ń mọ èyí tí ẹ ní kó gbé wá. Ẹ máa wò ó bíi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri ilé: ó ń júwe ilé fún oníléta, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé kóòtù, kò sẹ́ni tó máa fi nọ́ńbà ara ògiri jẹ́rìí.

Ẹ gbé ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Bó bá jẹ́ ìwé tó jáde láti 2007 síbí, ẹyọ nọ́ńbà 13 lẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bákóòdù. Kó tó dìgbà yẹn, 10 péré ni. Ó máa bẹ̀rẹ̀ báyìí: 978-978. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé onítẹ̀wé ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. 978 àkọ́kọ́ ń sọ fún ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù pé ìwé ni ọjà yìí, kì í ṣe sàdíìnì. 978 kejì ni ti Nàìjíríà gan-an. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé àtijọ́ tó ní 10 péré, ẹyọ 978 kan ṣoṣo ló wà níwájú tiẹ̀, ti Nàìjíríà sì ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tó gbé ìwé jáde, lẹ́yìn náà ló wá kan ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹyọ tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń yẹ àwọn yòókù wò. Ẹ fi 1 sọ ẹyọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi 3 sọ ìkejì di púpọ̀, ẹ tún padà sí 1, sí 3, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kẹ́ ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá parí sí òdo, nọ́ńbà yín pé. Bí kò bá parí sí òdo, ẹnì kan ti ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Ti Nàìjíríà rọrùn díẹ̀, torí pé 978-978 iwájú yẹn máa ń jẹ́ 96 nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó gbé plate sórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà tán, sítíkà lẹ máa máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé.

Ẹ sì ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ẹyọ 13 náà, kò síbi tí orúkọ òǹkọ̀wé wà. Ilé iṣẹ́ tó gbé ìwé jáde wà ńbẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sí ńbẹ̀.

Bí èyí ò bá tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wo ayédèrú ìwé tí wọ́n ń tà láwọn òpópónà wa. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, lẹ́tà rẹ̀ ti ṣá, àwọn ojú ewé kan wọ́, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí kẹ́ ẹ tó kà á dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ISBN rẹ̀ pé pérépéré! Olè tó da ìwé kọ, ó da nọ́ńbà náà kọ mọ́ ọn, ìyẹn ló tiẹ̀ ń jẹ́ kí ọjà rẹ̀ jọ ojúlówó.

Kí ló wá ń dáàbò bo òǹkọ̀wé? Kọ́píráìtì ni, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òǹkọ̀wé ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe National Library ló ń fúnni. Kò sẹ́ni tó ń fúnni rárá. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí, ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, kò ní kẹ́ ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Bí iṣẹ́ náà bá ti jẹ́ làákàyè àti òógùn yín, tẹ́ ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ìwé tàbí lórí fóònù, ẹ̀tọ́ náà ti di tiyín lójú ẹsẹ̀. Ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú, kí àwọn ọmọ lè jẹ nínú rẹ̀. Èrò lásán kò wọ inú ẹ̀tọ́ yìí o. Ẹni tẹ́ ẹ sọ ìtàn fún lẹ́nu, tó lọ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, ó ṣòro láti mú.

Àjọ tó ń mójú tó o ni Nigerian Copyright Commission. NCC ni wọ́n ń pe òun náà, àmọ́ kì í ṣe NCC ti fóònù. Ẹ lè fi iṣẹ́ yín tó wọn létí kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí. Kò di dandan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di "èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́", ẹ̀rí tó ní déètì wúlò gan-an.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣe èèyàn ní jàm̀bá jù ni pé onítẹ̀wé máa ń lo orúkọ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ gba nọ́ńbà fún oníbàárà. Lọ́jọ́ tí àárín wọn bá dàrú, oníbàárà á máa bẹ̀rù pé ìwé òun ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, onítẹ̀wé náà á sì máa fi halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Kọ́píráìtì kì í kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì láìsí àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, ISBN kì í sì í ṣe àdéhùn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ onítẹ̀wé náà ló máa wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé ìwé jáde, òun làwọn onítàwé máa wá kiri. Ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ tẹ ìwé, kó ní kí wọ́n fi orúkọ tòun gbà á.

Àwọn mìíràn tún ń sọ pé ISBN túmọ̀ sí pé ìjọba ti kà á, ó sì ti fọwọ́ sí i. National Library kì í ka ìwé yín kó tó fún yín ní nọ́ńbà. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló ní àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, NERDC, ọ̀tọ̀ sì ni tiwọn.

Ohun tí National Library ń fẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Òfin ní kí ẹni tó bá gbé ìwé jáde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí wọn láàárín oṣù kan, lówó ara rẹ̀. Wọ́n á tọ́jú méjì, ẹ̀kẹta á lọ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ẹ̀dà 25, ti ìpínlẹ̀ jẹ́ 10. Bí ẹ bá ń gbé tiyín lọ sí Yaba, ẹ gba ìwé pé ẹ ti fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ.