Ta ló kọ́kọ́ mọ ìràwọ̀ aràrá funfun?

Aràrá funfun (white dwarf) ni irú ìràwọ̀ kan tó funfun, tó sì kéré gan-an. Sirius B, ìràwọ̀ kékeré tó ń bá Sirius rìn, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé onímọ̀ ìràwọ̀ Bessel fura ní 1844 pé ó wà, tí Alvan Graham Clark sì rí i ní 1862, ṣùgbọ́n títí di 1915, kò sẹ́ni tó mọ irú ìràwọ̀ tó jẹ́. Ní ti àwọn Dogon ní Mali tí wọ́n ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ayébáyé, ìgbà tí Yúróòpù ti mọ ìràwọ̀ náà tán ni wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ìràwọ̀ tó ń jẹ́ 40 Eridani B ni àkọ́bí. Onímọ̀ ìràwọ̀ William Herschel ló rí i, ní 31 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1783, nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ Caroline ń gbé ní Datchet, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń fojú inú wo òru náà: òtútù ń mú, ẹ̀gbọ́n dojú kọ awò, bóyá àbúrò wà nítòsí pẹ̀lú gègé àti àtùpà. Ó ṣeé ṣe kí àwọ̀ ìràwọ̀ náà ti ya Herschel lẹ́nu. Ó sì ṣeé ṣe kó rò pé ìràwọ̀ kékeré lásán ni. Ohun tó dájú ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún 127 sì kọjá lórí rẹ̀.

Ọdún 1878 ni Williamina Fleming, ọmọ Dundee ní Scotland, bá ọkọ rẹ̀ dé Boston. Ọkọ fi í sílẹ̀ toyún-toyún. Ó di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Edward Pickering, ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ Harvard, ibẹ̀ ni Pickering sì ti mú un lọ sídìí àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n yà sórí gíláàsì. Ìràwọ̀ tó lé ní 10,000 ni Fleming tò sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ wọn.

Ní 1910, onímọ̀ ìràwọ̀ Henry Norris Russell wá kí Pickering. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kéré gan-an, tí gbogbo wọn dà bíi pé wọ́n pupa. Pickering ní kó dárúkọ ọ̀kan tó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Russell dárúkọ 40 Eridani B. Wọ́n tẹ Ìyáàfin Fleming láago. Kò ju ìdajì wákàtí lọ tó fi gòkè wá: ìsọ̀rí A ni, ti àwọn ìràwọ̀ funfun tó gbóná, kò sí àníàní. Funfun!

Ẹ jẹ́ ká yà sílé alágbẹ̀dẹ. Irin inú iná a kọ́kọ́ pọ́n. Bí ẹwìrì bá ń fẹ́ ẹ lọ, a wá funfun. Ohun tó gbóná tó báyẹn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan, a jẹ́ pé bíńtín ni. Ìràwọ̀ yìí kò fi púpọ̀ tóbi ju ayé wa lọ, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ lé ní ìdajì ti oòrùn. Orúkọ náà, aràrá funfun, sì bá a mu ní èdè wa, torí àgbàlagbà ni aràrá, kì í ṣe ọmọdé: ìràwọ̀ tó ti jó epo rẹ̀ tán ni.

Onímọ̀ ìràwọ̀ Willem Luyten ló fún irú ìràwọ̀ yìí lórúkọ yẹn ní 1922. Onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Chandrasekhar, ṣírò ibi tí ìwúwo aràrá funfun kò lè kọjá, nǹkan bí 1.4 ìlọ́po ti oòrùn. Ìyáàfin Fleming kò gbọ́ orúkọ náà rárá. Boston ló kú sí, ní 1911.