Àìrí Kì í Ṣe Dúdú

Iná lọ nílé wa ní Àjàṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí nínú òkùnkùn: “Tàǹtí, ká ní kò sí nǹkankan rárá, kò sáyé, kò sọ́run, báwo ni ì bá ṣe rí?” Kí n tó la ẹnu, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn: “Dúdú ni, bíi báyìí.”

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ni mo ń ṣe, àṣìṣe yìí gan-an ló sì ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Dúdú kì í ṣe àìrí. Ojú ló ń rí dúdú. Kódà nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ò ráyè wọ̀, ẹ la ojú yín dáadáa, àwọ̀ eérú kan báyìí lẹ máa rí. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn inú ẹyinjú kì í sinmi: bí ìmọ́lẹ̀ ò tiẹ̀ kàn án, ó ṣì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àìsí nǹkankan ṣe rí, kó bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń rí lẹ́yìn orí òun báyìí. Kò dúdú níbẹ̀, kò funfun. Kò tiẹ̀ sí “níbẹ̀” kankan.

Ọmọ náà ò gbà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ní kó mú kàyé rẹ̀ wá. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ kọ àmì àròpọ̀ sórí ìlà kan, ẹ wọn fífẹ̀ ìka mẹ́rin sápá ọ̀tún, kí ẹ fi bírò kán tóótó dúdú kan sórí ìlà kan náà. Ẹ fọwọ́ bo ojú òsì, ẹ tẹ ojú ọ̀tún mọ́ àmì àròpọ̀, kí ẹ máa fa kàyé bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí apá yín gùn dé. Tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, tóótó yẹn á pòórá. Kò ní fi ihò sílẹ̀ o! Ìlà kàyé á kàn máa bá tirẹ̀ lọ, bí ẹni pé wọn ò kọ nǹkankan síbẹ̀ rí. Ọpọlọ ló rán an pọ̀.

Ibi tí àwòrán tóótó yẹn bọ́ sí nínú ojú ni iṣan ojú ti ń gba ẹ̀yìn ẹyinjú jáde lọ sí ọpọlọ, fọ́nrán rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, kò sì sí àyè fún ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ló kọ ọ́ síwèé ní 1668. Ojú kejì ló ń bá wa bò ó, la ò ṣe mọ̀.

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní gulókómà ń jẹ iṣan yẹn gan-an, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í sábà dunni, kì í ṣókùnkùn. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù sí, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń yọ àwọn tó ti lé ní 40 lẹ́nu pé kí wọ́n wá yẹ ojú wò, pàápàá tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá ní in.

Ọmọ kan mú bàbá rẹ̀ wá láti Kétu. Ó ní bàbá ń kọlu ìlẹ̀kùn, zẹ́mìjáànì, ìyẹn ọ̀kadà, méjì ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Inú bàbá ru. “Òkùnkùn kankan ò sí lójú mi. Mo ṣì ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́.” Òótọ́ ló sọ: ó ka pátákó tí mo gbé kọ́ dé ìlà ìsàlẹ̀.

Mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo ní kó bo ojú kan, kó tẹ èkejì mọ́ imú mi. Mo wá ń mú ìka mi bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti rí i tipẹ́. Bàbá ò wí nǹkankan. Ìka mi kọjá etí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ni bàbá bá ta gìrì.

“Ọwọ́ yẹn,” ó ní, “níbo ló ti yọ?”