Òfin Àjọrà Ohun Ìjà láàárín Àwọn Orílẹ̀-èdè Alájọṣe

Òfin àjọrà ohun ìjà ni irú òfin tó ń fi owó tàbí ìrọ̀rùn mìíràn fa àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ wà nínú àdéhùn ààbò mọ́ra, kí wọ́n lè pawọ́ pọ̀ ra ohun ìjà dípò kí olúkúlùkù máa dá tirẹ̀ rà. Èyí tó gbajúmọ̀ lóde òní ni èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, tí wọ́n ń pè ní EDIRPA ní ìkékúrú.

Ogun tí Rọ́ṣíà gbé lọ bá Yukréìn ní oṣù Èrèlé ọdún 2022 ló bí òfin náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kó ọta àgbá àti ìbọn láti inú àká wọn fún Yukréìn, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ dí àlàfo náà, gbogbo wọn já lu ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn oníbàárà bá ń du ọjà tí kò pọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, owó rẹ̀ á gbéra, orílẹ̀-èdè kékeré tí ohun tó fẹ́ rà kò tó nǹkan á sì dúró sẹ́yìn títí. Ìpalára kan tún wà tó ti pẹ́ ju ogun náà lọ: bí olúkúlùkù ṣe ń dá rà ni irú ohun ìjà ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè kan lè má bá ti alájọṣe rẹ̀ mu lójú ogun.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2022 ni wọ́n gbé àbá òfin náà jáde. Mílíọ̀nù 500 yúrò ni wọ́n béèrè. Mílíọ̀nù 300 ló kù nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Títí òfin náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin ọdún 2025, ó kéré tán, orílẹ̀-èdè mẹ́ta gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí wọ́n tó lè jẹ nínú rẹ̀. Ìwúrí ni owó náà jẹ́, kì í ṣe owó ọjà fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye àdéhùn lọ, àfi bí apá kan ohun ìjà náà bá ń lọ sí Yukréìn tàbí Moldova, tàbí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké bá ní ìpín tó jọjú nínú iṣẹ́ náà. Ìgbà náà ni ó lè dé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kókó kan tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò ni pé àdéhùn tí Àjọ náà dúró lé kò gbà kí wọ́n ná owó àpapọ̀ lórí ogun jíjà. Nítorí náà, àwọn aṣòfin gbé òfin yìí ka abala 173, èyí tó dá lórí ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́. Ìdí nìyí tí òfin náà fi ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé-iṣẹ́ ju nípa ọmọ ogun lọ.

Ní oṣù Bélú ọdún 2024, wọ́n pín owó náà fún iṣẹ́ márùn-ún, mílíọ̀nù 60 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: misáìlì Mistral àti IRIS-T tí wọ́n fi ń dáàbò bo òfurufú, ọkọ̀ ogun onírin, àti ọta àgbá 155 mìlímítà. Iye gbogbo ọjà náà ju bílíọ̀nù 11 yúrò lọ. Kò tọ́ kí a fún òfin náà ní gbogbo ìyìn, torí pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ olùrà wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ó tó dé. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2025, Àjọ náà tún ṣe òfin SAFE, tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó tó lè dé bílíọ̀nù 150 yúrò. Ẹ̀yáwó tí wọn yóò san padà ni ti èyí.

Àjọrà ohun ìjà kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé Èkó ṣe akitiyan láti fi ìbọn ìgbàlódé, tí wọ́n ń ki ọta bọ̀ láti ìdí, ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀. Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ojú ogun náà wà láàárín wọn, ti wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí, èyí tí Òṣogbo jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ìmùlẹ̀ ló de àwọn ìlú Èkìtì Parapọ̀ pọ̀. Wọn kò ní òfin àkọsílẹ̀ fún un.

Lónìí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Òṣogbo kò lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, òun àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún yòókù ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣe òfin tó fìdí ikọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn múlẹ̀, ṣùgbọ́n Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ìbọn, ọta àti ohun abúgbàù sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ní ti ECOWAS, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní oṣù Òkúdù ọdún 2006 ka kíkó ohun ìjà kéékèèké wọlé léèwọ̀, orílẹ̀-èdè tó bá sì nílò rẹ̀ fún ààbò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àjọ náà.