Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Àlàfo Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Bí òjò bá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń bi ẹni tó ń ta silikóònù, ìyẹn ohun bíi rọ́bà tí wọ́n ń rọ sínú àlàfo kí omi má bàa wọlé, ni pé, "Èwo ló le jù níbẹ̀?" Èyí tó máa gan paali ni wọ́n ń wá. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ láti ọjà. Sìmẹ́ǹtì tó le koko ti wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà tẹ́lẹ̀, òun ló là tí omi fi rí ọ̀nà gbà. Ohun tó yẹ kí èèyàn máa wá ni èyí tó lè nà, tó sì lè padà sí bó ṣe wà, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí ni pé férémù alumíníọ̀mù kì í dúró lójú kan. Bí oòrùn bá pa á, á gùn sí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á sún kì. Bí ooru tó mú wọn bá dọ́gba, alumíníọ̀mù máa ń gùn tó bíi ìlọ́po méjì kọnkéré. Ẹ mú férémù tó gùn ní mítà 2.4. Bí ó bá fi ìwọ̀n 30 Sẹ́lísíọ̀sì gbóná ju bó ṣe wà ní ìdájí lọ, á fi bíi mílímítà 1.7 gùn sí i. Férémù aláwọ̀ dúdú tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri kò sì ní bá a rìn tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe silikóònù mọ èyí, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí ISO 11600, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo, ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. F ni ti ara ilé, G ni ti gíláàsì. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe lè bá àlàfo rìn tó: 25 túmọ̀ sí pé nínú àlàfo tó fẹ̀ ní mílímítà 10, ó lè nà tàbí kó sún kì ní mílímítà 2.5 láìjá. Ibí yìí ni ìṣirò náà ti ń yí èrò èèyàn padà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bíríkìlà tó há férémù mọ́ ògiri pinpin ló mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá ṣẹ́ ku mílímítà 2, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ju ìdajì mílímítà lọ, férémù tí a ń sọ yìí sì máa sún jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó ni silikóònù náà o, á sì já. Àlàfo tó fẹ̀ díẹ̀ ni ààbò ilé.

Jíjìn àlàfo náà tún ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Wọ́n á rọ silikóònù kún inú àlàfo náà títí á fi kan ẹ̀yìn, kó lè dì í dáadáa. Ẹ wo rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Ohun tó jẹ́ kó nà ni pé orí rẹ̀ méjèèjì nìkan ni wọ́n so, àárín rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá fi ìṣó kan àárín rọ́bà yẹn mọ́ pákó kó tó fà á, apá kékeré tó wà láàárín ìṣó àti ọwọ́ ló máa ru gbogbo agbára náà, ibẹ̀ ló sì máa já sí. Kì í ṣe ẹ̀bi rọ́bà. Ọmọ tó sì mọ rọ́bà yàn kì í mú èyí tó nípọn jù, torí ó mọ̀ pé kò ní ṣeé fà. Èyí tó tinrin níwọ̀nba ló ń nà títí dé etí. Bí silikóònù ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Férémù àti ògiri nìkan ló yẹ kó dì mú. Tó bá tún di ẹ̀yìn mú, wọ́n ti kan án ní ìṣó.

Ohun tí wọ́n fi ń yẹra fún un ni okùn fóòmù kan tó rí róbótó, tó fi díẹ̀ sanra ju àlàfo lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú, kí wọ́n tó rọ silikóònù lé e. Silikóònù kì í lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ á dá wà. Okùn yìí náà ló ń pinnu bó ṣe máa nípọn tó: ìdajì ìbú ló dára, ìyẹn mílímítà 5 fún àlàfo mílímítà 10. Nínú gbogbo ohun èlò tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí ọgbọ́n inú rẹ̀ tó ti okùn yìí. Ó sì dunni pé òun ni wọ́n sábà máa ń yọ kúrò nínú owó iṣẹ́.

Ní ti irú èyí tó yẹ ní rírà, imú lè ṣèrànwọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà máa ń rùn bíi fínígà bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, torí asíìdì inú fínígà gan-an ló ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gan. Ó dára fún gíláàsì, á dì í mú gírígírí. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì àti asíìdì kì í gbé pọ̀. Asíìdì náà á jẹ ojú sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ á di ẹfun, tó bá sì yá, èèyàn á lè fi èékánná ká gbogbo rẹ̀ kúrò lódindi. Fún ẹ̀gbẹ́ férémù àti ògiri, èyí tí wọ́n kọ neutral sí lára, ìyẹn èyí tí asíìdì yẹn kì í jáde lára rẹ̀, ni kí wọ́n rà. Silikóònù kì í gba ọ̀dà. Bí ẹ bá fẹ́ kun ojú rẹ̀, PU (pọliyurétéènì, oríṣi mìíràn tí wọ́n fi ń dí àlàfo) ló yẹ, ó máa ń di kọnkéré mú dáadáa, àmọ́ oòrùn máa ń fọ́ ojú rẹ̀ bí wọn kò bá kùn ún. Akíríìlì, tó jẹ́ oríṣi kẹta, inú ilé ni kó mọ. Bí òjò bá bá a kó tó gbẹ, á ṣàn lọ. Ẹ tún wo ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́ lára ike rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n pàtẹ sínú oòrùn, torí èyí tó ti pẹ́ jù lè má gan mọ́ láéláé.

Silikóònù kì í gbẹ bíi ọ̀dà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fà mọ́ra tó fi ń di rọ́bà, láti ìta lọ sínú, bíi mílímítà 2 sí 3 lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń dá a dúró. Síbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí eruku sìmẹ́ǹtì má sì sí níbẹ̀. Ti àtijọ́ ńkọ́? Kí wọ́n ha á kúrò pátápátá, torí tuntun kì í di àtijọ́ mú.

Iye tó máa tó kò ṣòro mọ̀. Ike mílílítà 300 á lọ mítà 6 nínú àlàfo tó fẹ̀ ní mílímítà 10, tó sì jìn ní 5. Fèrèsé ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rin, àyíká rẹ̀ kò ju bíi mítà 4.9 lọ. Ike kan fún fèrèsé kan nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó bá mú ike méjì wá fún fèrèsé mẹ́wàá, ojú lásán ló fẹ́ fi pa.

Ihò kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí. Lábẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù tí wọ́n ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún, níta, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Àwọn tó ṣe fèrèsé náà mọ̀ pé òjò oníjì máa fẹ́ omi wọ inú ojú irin tí fèrèsé náà ń rìn lórí rẹ̀. Wọ́n gbà kó wọlé, wọ́n sì la ọ̀nà tó máa gbà jáde fún un. Bí ẹnì kan bá fi silikóònù dí àwọn ihò yẹn nítorí pé ilé ń jò, omi á kún ojú irin náà títí á fi dà sínú yàrá. Kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n da omi ife kan sí ojú irin náà láti inú ilé. Bí kò bá jáde síta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n ní kó la ihò náà padà kó tó gba owó.