Ooru Ni Wọ́n Ń Bá Jà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọkọ̀ Asáré Oníbátìrì

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rú àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ lójú. Ọkọ̀ asáré oníbátìrì sábà máa ń wúwo ju ọkọ̀ elépo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ bí àwọn méjèèjì bá jọ gbéra lójú kan náà, èyí tó wúwo yẹn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ já síwájú. Ṣùgbọ́n bí eré náà bá pẹ́, tí wọ́n ń yí pápá ìdíje ká léraléra, oníbátìrì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ nígbà tí elépo ṣì ń bá tirẹ̀ lọ. Mo fẹ́ dáhùn àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní kíkún, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tó bá mọ ibi tí ooru ti ń wá nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe wọ́n báyìí.

Kí ló dé tí ọkọ̀ oníbátìrì fi ń yára gbéra tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì elépo. Ó ní láti fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, kó fún wọn pọ̀, kó tan iná sí wọn, kó sì lé èéfín jáde. Nígbà tó bá rọra ń yí, agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ó dìgbà tó bá ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó fún awakọ̀ ní gbogbo ohun tó ní, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè ṣe kó má ní jíà púpọ̀.

Mọ́tọ̀ iná, irú èyí tó ń yí abẹ̀bẹ̀ fáànù, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wáyà bàbà tí wọ́n lọ́ ni, pẹ̀lú òòfà. Bí iná bá ti gba inú wáyà náà kọjá, òun fúnra rẹ̀ á di òòfà, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn, wọ́n á sì máa ti ara wọn, ọ̀pá tó wà láàárín wọn á sì yí. Òòfà kì í dúró kí nǹkan máa yí ná kó tó fà á. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ṣì dúró sójú kan ni ipá mọ́tọ̀ tó pọ̀ jù lọ ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òde òní. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1899, ní Achères nítòsí Paris, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń jẹ́ Camille Jenatzy wa ọkọ̀ kan tó rí bí ọta ìbọn ní eré 105.88 kìlómítà ní wákàtí kan. La Jamais Contente ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà, bátìrì ló sì ń lò.

Bí ipá bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ìgbéra náà tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Táyà ni. Agbára yòówù kí ọkọ̀ ní, ibi tí táyà bá lè di ilẹ̀ mú dé ló parí sí. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn á kàn mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa yí lásán ni. Ibí yìí gan-an ni mọ́tọ̀ iná ti ní àǹfààní kejì, nítorí pé a lè dín ipá rẹ̀ kù tàbí kí a fi kún un kí ojú tó ṣẹ́.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni Nevera, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Rimac ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Croatia. Mate Rimac tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2009 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ BMW àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú níbi ìdíje. Dípò kó fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, mọ́tọ̀ iná ló gbé síbẹ̀. Nevera ní mọ́tọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, agbára gbogbo wọn sì tó ti ẹṣin 1,914. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń ṣírò iye ipá tó yẹ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní ọdún 2023, ní pápá ìdánwò Papenburg ní Jámánì, ọkọ̀ yìí ti ìdúró bọ́ sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.81. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ohun tó ń ti ẹ̀yìn awakọ̀ nígbà náà ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bí awakọ̀ náà bá wọn 80 kílò, ẹrù tó ju 120 kílò ló ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn, láti orí títí dé ìbàdí.

Kí ló mú kí bátìrì wúwo tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ fi yúníìtì tí a ń rà sínú mítà iná wò ó. Kílò epo bẹntiróòlù kan ní agbára tó tó nǹkan bíi yúníìtì 12 nínú. Bátìrì ńlá tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Porsche fi sínú ọkọ̀ oníbátìrì rẹ̀ tó ń jẹ́ Taycan nígbà tó jáde ní ọdún 2019 gba yúníìtì 93.4, ó sì wúwo ju 600 kílò lọ, èyí túmọ̀ sí pé kílò kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò gba ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì kan. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì elépo máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo ṣòfò, tí á gba ẹ̀yìn ọkọ̀ àti rédíétọ̀ jáde ní ooru, nígbà tí mọ́tọ̀ iná ń sọ nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó bá gbà di ìrìn. Síbẹ̀ àlàfo tó wà láàárín yúníìtì 12 àti ìdá kan nínú márùn-ún kò ṣeé dí bẹ́ẹ̀ ṣá.

Nítorí náà ìbéèrè tó ń gba oorun lójú àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ni ibi tí wọn yóò gbé ẹrù náà sí. Nígbà tí Tesla ṣe Roadster rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 2008, ara ọkọ̀ elépo Lotus Elise ni wọ́n ti mú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bátìrì kéékèèké 6,831, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ni wọ́n kó sínú àpótí kan, ẹ̀yìn ìjókòó níbi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń wà ni àpótí náà sì wà. Àwọn tó ya Taycan láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ oníbátìrì tẹ́ tiwọn pẹrẹsẹ sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wo ibi tí èrò ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ sí: wọ́n yọ bátìrì kúrò lábẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di kòtò, kí ẹsẹ̀ lè rí ibi rọlẹ̀ kí òrùlé ọkọ̀ má sì ga. Ti Nevera ní tirẹ̀ rí bíi lẹ́tà H, apá kan rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, apá kan wà níwájú, èyí tó kù sì gba àárín kọjá, kí awakọ̀ lè jókòó nísàlẹ̀ pátápátá. Bátìrì tó wà nísàlẹ̀ báyìí ń jẹ́ kí ọkọ̀ mú ilẹ̀ dáadáa nígbà tó bá ń ya kọ́nà.

Kí ló dé tí ó fi ń rẹ ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀?

Ẹni tó bá ti fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó ń gba iná ti rí ìdáhùn náà. Fóònù náà á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, nígbà mìíràn á kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun kò lè gba iná mọ́ àfi bí òun bá tutù. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀. Kò sí wáyà tí iná ń gbà kọjá níbẹ̀ tí kì í gbóná, bátìrì náà sì ń gbóná bí iná ṣe ń jáde nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ooru náà kò tó nǹkan. Bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́, tó ń fi bíréèkì dín eré kù, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ooru á máa wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ. Bátìrì lithium tó bá gbóná jù á máa bàjẹ́ láti inú, ó tiẹ̀ lè gbiná, nítorí náà kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í dúró de ìgbà yẹn: á dín iná tó ń jáde kù. Awakọ̀ á rò pé iná ti ń tán, bẹ́ẹ̀ ó lè ku ju ìdajì lọ nínú rẹ̀.

Bí ìṣàn iná inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru inú wáyà náà ń dà. Lójú tèmi, gbólóhùn yìí ló ṣàlàyé ìdajì ohun tí a ń rí nínú ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹ ronú nípa táǹkì omi. Bí a bá gbé e sórí òpó gíga, omi á fi ipá já wálẹ̀, páìpù tóóró sì lè gbé omi púpọ̀. Bí táǹkì bá wà nísàlẹ̀, a ní láti wá páìpù tó fẹ̀. Fólítì ni gíga òpó yẹn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì ló ń lo nǹkan bíi fólítì 400. Porsche mú Taycan lọ sí 800. Bí ọkọ̀ bá ń gba iná ní ìwọ̀n kílówáàtì 270, ìyẹn ìwọ̀n tí Taycan àkọ́kọ́ lè gbà, ní fólítì 400 ìṣàn rẹ̀ á tó ampere 675 (ampere ni wọ́n fi ń wọn ìṣàn iná). Ní fólítì 800 kò ju nǹkan bí 337 lọ. Nínú wáyà kan náà, ooru ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kí wọ́n lo wáyà tó fúyẹ́ jù, kí wọ́n sì jèrè ìwọ̀n.

Wọ́n tún bá ooru jà nínú mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà roboto ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀. Ẹ kó ọsàn kún apẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé àlàfo pọ̀ láàárín wọn. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀, àlàfo á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Wáyà onígun mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ bíi pínì tí obìnrin fi ń di irun ni Porsche lò, bàbà sì gba nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè tó wà fún un, nígbà tí ti wáyà roboto kì í ju nǹkan bí 45 lọ. Bàbà tó pọ̀ túmọ̀ sí ọ̀nà tó fẹ̀ fún iná àti ọ̀nà tó rọrùn fún ooru láti jáde sínú omi ìtutù.

Kí Taycan tó jáde sí ọjà, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú kan ní Jámánì, wọ́n sì mú un láti ìdúró dé 200 kìlómítà ní wákàtí kan ní ìgbà 26 léraléra. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó yá jù àti èyí tó lọ́ra jù kò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.8 lọ. Ní Nardò, ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sá 3,425 kìlómítà láàárín wákàtí 24, wọ́n kàn ń dúró gba iná ni. Mo ka ìdánwò méjèèjì yìí sí ju eré ìgbéra yòówù lọ, nítorí bátìrì èyíkéyìí lè sáré lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni bíréèkì ń ṣe nínú ọkọ̀ yìí?

Nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ dín eré kù, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń yí mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ á sì di jẹnẹrétọ̀ tó ń dá iná padà sínú bátìrì. Taycan àkọ́kọ́ lè dá tó kílówáàtì 265 padà lọ́nà yìí, Porsche sì sọ pé nínú ìwakọ̀ ojoojúmọ́ nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ènìyàn ń tẹ bíréèkì ni irin bíréèkì kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ má gbàgbé pé iná tó ń padà wọlé náà ń mú bátìrì gbóná.

Ṣé ọkọ̀ oníbátìrì tiẹ̀ nílò jíà?

Ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní ju ẹyọ kan lọ, títí kan Nevera. Taycan ní méjì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ìgbéra, èkejì fún eré ọ̀nà tó jìn, nítorí ipá mọ́tọ̀ máa ń dín kù bí ó bá ti ń yí kọjá ìwọ̀n kan.

Kí ló dé tí wọn kò fi bátìrì kékeré sínú rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́?

Wọ́n ti ṣe é rí, ó sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Pikes Peak jẹ́ òkè kan ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń sá eré gùn ní ọdọọdún. Ọ̀nà rẹ̀ tó nǹkan bí 20 kìlómítà, kọ́nà 156 ló wà lójú rẹ̀, òpin rẹ̀ sì ga ju òkun lọ ní mítà 4,302. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì elépo fi ń pàdánù apá tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ kí ó tó dé òkè, ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ iná kì í mí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Romain Dumas gun òkè náà pẹ̀lú ọkọ̀ ID. R ti Volkswagen ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 57.148. Ẹnikẹ́ni kò tíì gùn ún láìpé ìṣẹ́jú mẹ́jọ rí, ọkọ̀ elépo tó mú ipò kìíní tẹ́lẹ̀ sì lo ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 13.878.

Ọkọ̀ náà kò tó 1,100 kílò. Àwọn tó ṣe é ṣírò iye iná tí ìgùnkè kan ṣoṣo yóò gbà, wọ́n yọ èyí tí bíréèkì yóò dá padà kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo iná tó lò, wọ́n sì fi bátìrì tó lè gbé èyí tó kù sínú rẹ̀. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n mọ kọ́nà tó kẹ́yìn kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó ra Taycan lè lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí, kó sì gba ìlú mìíràn lọ lọ́la, kò sì sí ẹni tó lè bá a ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló fi ń ru 600 kílò yẹn kiri.