Nígbà Tí Òǹwòran Bá Ń Fẹ́ Kí Ààyò Rẹ̀ Nínú Ìtàn Kú

Ìyá kan kọ̀wé sí mi nípa ọmọ wọn tí ó wà ní yunifásítì. Ọmọkùnrin náà fẹ́ràn Levi, ọ̀gá ọmọ ogun inú Attack on Titan, ọ̀kan nínú àwọn eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù tí a ń pè ní anime, débi pé àwòrán Levi ni ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀, òun náà ni ó sì wà lójú fóònù rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí eré náà parí, tìbínú-tìbínú ni ó fi dìde, ó ní ó yẹ kí wọ́n ti jẹ́ kí Levi kú. Ìyá náà wá ń bi mí, èmi tí mo ń fi títún ìtàn eré tò jẹun, bóyá ọkàn ọmọ àwọn ti ń yigbì ni, tàbí bóyá ìwòkuwò ti ra á níyè. Mo ti fèsì fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí n óò fi mọ sínú lẹ́tà kan lọ, nítorí ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí, àti lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, tí ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú Levi rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Hajime Isayama kọ ìtàn náà láti ọdún 2009 títí di ọdún 2021, anime rẹ̀ sì parí ní ọdún 2023. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tí Levi ń bá jẹ, tí ó ń bá mu, ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, òun nìkan ni ó sì ń ṣẹ́kù. Ní ọdún 2019, ìpín kan jáde nínú eré náà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà tí ó lè gba ẹ̀mí là, ẹni méjì ni ó sì ń kú lọ: Erwin, olórí ogun wọn, àti Armin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iná ti jó kọjá ààlà. Erwin ni Levi fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti tẹ̀ sí i lára, Erwin, tí kò mọ ibi tí ó wà mọ́, gbé ọwọ́ sókè, ó sì tún béèrè ìbéèrè kan náà tí ó ti béèrè ní kíláàsì nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Levi dá ọwọ́ dúró. Ó yé e pé bí òun bá jí ọkùnrin yìí, inú ọ̀run àpáàdì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni òun tún ń dá a padà sí. Armin ni ó fún ní abẹ́rẹ́, ó sì fi Erwin sílẹ̀ kí ó lọ sinmi.

Ẹni tí ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi kò rí ìsinmi tirẹ̀ gbà. Nígbà tí gbogbo ogun parí, Levi rí àwọn òkú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dúró nínú èéfín, ó kí wọn bí ọmọ ogun ṣe ń kíra, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a rí i lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ojú rẹ̀ kan ti lọ. Ohun tí ọmọ ìyá yìí ń sọ ni pé ìtàn náà jẹ Levi ní gbèsè ikú kan tí kò san fún un. Bí ó ti wù kí ó bínú tó, kò sí ìkórìíra nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1968, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ní ilẹ̀ Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn aláwòrán kan jáde tí wọ́n pè ní Ashita no Joe, ìtàn ọmọ aláìlóbìí kan tí ó di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ikki Kajiwara ni ó ń kọ ọ́, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Tetsuya Chiba ni ó ń ya á. Rikiishi ni alátakò Joe, Chiba sì ti yà á ní géńdé tí ó ga ju Joe lọ dáadáa. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò dọ́gba kì í pàdé. Nítorí náà, kí ìjà àwọn méjèèjì tó lè wáyé, ó di dandan kí Rikiishi fi ebi àti òǹgbẹ jẹ ara rẹ̀ níyà títí tí ó fi gbẹ bí igi. Ó jà, ó borí, kété tí ó sì borí ni ó ṣubú lulẹ̀, tí ó kú. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 1970, nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ènìyàn ó dín ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 700, kóra jọ sí gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Kodansha ní Tokyo, wọ́n ṣe ìsìnkú fún ọkùnrin tí a fi yíǹkì yà sórí bébà. Akéwì Shuji Terayama ni ó ṣe agbátẹrù ètò náà, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà sì ka àdúrà òkú. Anime rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí ìsìnkú yìí yé àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sun ìrèmọ̀jé, wọn a ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹran tí ó pa, igbó tí ó là, àwọn tí ó bọ́. Kò sí ẹni tí í sun ìrèmọ̀jé fún ọdẹ tí ó ṣì ń lọ sóko ọdẹ, nítorí ẹni tí ó ṣì wà láàyè, a kò mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la. Ẹ̀dá ìtàn tí a fẹ́ràn wà ní ipò kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìtàn rẹ̀ bá ń lọ, ọwọ́ òǹkọ̀wé ni ó wà, òǹkọ̀wé sì lè bà á jẹ́ ní ìpín tí ń bọ̀. Bí ó bá kú, ó di tiwa, kò sí ẹni tí ó tún lè yí ìwà rẹ̀ padà, ẹnu wa sì gbà á láti kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbàgbọ́ pé èyí ni ó jinlẹ̀ jù nínú ohun tí àwọn òǹwòran wọ̀nyí ń wá, bí wọn kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ọ́.

Àwọn àgbà sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan eré àwòrán, kí ó wo Yamcha inú Dragon Ball. Nígbà tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, jàgùdà aṣálẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni, Goku, akọni ìtàn náà, pàápàá kò fi í ṣeré. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tí agbára Goku ń di ìlọ́po lórí ìlọ́po, Yamcha kò rí ibi kan fi ara rẹ̀ sí mọ́. Ó tilẹ̀ kú, ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí òkúta meje ti lè jí òkú, ikú rẹ̀ kò dá ọ̀wọ̀ rẹ̀ padà. Àwòrán rẹ̀ níbi tí ó ká jọ sí nínú kòtò, tí kò mí mọ́, ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri títí di òní. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè wò ó láìṣe pé ó dùn wọ́n, mo sì wà lára wọn.

Ìyẹn náà ni ó fà á tí àwọn òǹwòran kan fi ń bínú sí àjíǹde. Nínú anime Space Battleship Yamato ti ọdún 1974, Ọ̀gágun Okita, olórí ọkọ̀ náà, kú nígbà tí ó ti ń wo ayé láti ojú fèrèsé ọkọ̀, lẹ́yìn ìrìn-àjò tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ní ọdún 1978, fíìmù kan jáde tí ó pa ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kù, àwọn ènìyàn sì sunkún ní ilé sinimá. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀dà mìíràn hàn, nínú èyí tí Kodai àti Yuki, ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n kú nínú fíìmù náà, kò kú mọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1983, Okita fúnra rẹ̀ padà wá, wọ́n ní dókítà ni ó ṣàṣìṣe. Mo mọ ohun tí ó ń fa irú èyí, nítorí mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu bẹ́ẹ̀: orúkọ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn a máa ta ọjà. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó ti sunkún tán, tí ẹ wá sọ fún un pé ẹkún rẹ̀ kò ní ìdí, ẹ ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ kò lè dá padà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ewu kankan kò ní mú àyà rẹ̀ já mọ́ nínú ìtàn yín.

Ṣé gbogbo ikú ni wọ́n wá ń fẹ́ ni? Rárá o. Ikú tí ìtàn ti ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n ń fẹ́, àkókò sì ni olórí iṣẹ́ náà. Nínú Fullmetal Alchemist ti Hiromu Arakawa, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Hughes, tí kì í yé fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ obìnrin han gbogbo ẹni tí ó bá pàdé. Wọ́n ṣe ìtàn yìí ní anime lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ti ọdún 2003, ìpín kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Hughes kú. Nínú ti ọdún 2009, ìpín kẹwàá ni. Ọkùnrin kan náà ni, ikú kan náà ni, ọmọdé kan náà ni ó ń béèrè níbi ìsìnkú pé kí ló dé tí wọ́n ń bo bàbá òun mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti bá Hughes rìn fún ìpín mẹ́rìnlélógún kí ó tó kú ń sọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ bí ẹni pé ará ilé wọn ni. Nígbà tí mo bá ń tún ìtàn ẹlòmíràn tò, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń kà ni iye ìgbà tí ẹni tí yóò kú ti jẹun, tí ó ti rẹ́rìn-ín, tí ó ti dààmú lórí ohun kékeré kan níwájú wa. Bí kò bá tíì pọ̀ tó, mo máa ń ní kí wọ́n má tíì pa á.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tún jẹ́ kí ó hàn kedere. Nínú ìtàn aláwòrán Jujutsu Kaisen ti Gege Akutami, ní orí 236, Gojo, tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò sí ẹni tí ó lágbára tó o, kú. Orí tí ó ṣáájú ti fi í hàn bí ẹni tí ó borí. Nígbà tí a ṣí orí tuntun, ara rẹ̀ ti gé sí méjì, a kò sì rí ìkọlù náà nígbà tí ó ń bọ̀. Ìbínú pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ gbọ́ àwọn oníbìínú náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sọ pé àwọn ti múra sílẹ̀ fún ikú rẹ̀ tipẹ́, pé kíkú tí ó kú lẹ́yìn ojú àwọn ni ó dun àwọn. Wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí tẹ́tí sí dáadáa, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣeré. Mo ti sọ pé ìsinmi ni ọ̀pọ̀ àwọn òǹwòran wọ̀nyí ń tọrọ fún ààyò wọn. Nítorí náà, ẹ máa fetí sí ẹni tí ọmọ ń tọrọ ìsinmi náà fún. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yẹ̀ láti orí ẹ̀dá ìtàn sí orí ara rẹ̀, bí ó bá ń sọ pé ó ti rẹ òun náà, pé òun náà ìbá sinmi, ẹ má ṣe bá a jiyàn lórí eré. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààràtà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà láìjáfara. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Ní ti Levi, n kò gba ti ọmọ náà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí Isayama gbé lé e lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn ni pé kí ẹnì kan ṣẹ́kù tí ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó kú, iṣẹ́ yẹn sì le ju ikú lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi bá a wí. Kí wọ́n kàn bi í pé, bí Levi bá ní láti kú, ta ni ó wù ú kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bi í ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kò ronú rárá kí ó tó dáhùn. Ó ní Erwin, Hange àti Petra tí wọ́n bá Levi jagun, àti àwọn méjì tí wọ́n bá a jáde láti ìlú abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ti kú nínú ìtàn náà.